RSS: Bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí ìròyìn tuntun máa wá bá yín lórí fóònù

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ọmọ kan ń retí kí yunifásítì tó yàn kéde ìforúkọsílẹ̀ Post-UTME. Ilé ìwé gbé e sórí ìkànnì wọn lọ́jọ́ Ajé. Ẹnì kan pín in sórí Facebook lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò rí i títí di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ó sì ń wo fóònù lójoojúmọ́ o!

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà nìkan. Facebook ló ń yan ohun tó máa kọ́kọ́ fi hàn wá, kì í sì í ṣe bí ìròyìn ṣe jẹ́ tuntun tó nìkan ló ń wò. Ẹ̀rín àti fídíò lè gba iwájú, kí ìkéde pàtàkì wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yan ohun tí ẹ fẹ́ máa rí fúnra yín. RSS ni wọ́n ń pè é.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ rántí fẹ́ńdọ̀ tó máa ń gbé ìwé ìròyìn wá sílé láàárọ̀. Tí ẹ bá ti sọ èyí tí ẹ fẹ́ fún un, kò tún dìgbà tí ẹ bá rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni RSS rí. Ìkànnì tó bá ń lò ó ní fáìlì kékeré kan tí a kì í sábà rí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé nǹkan tuntun jáde, àkọlé rẹ̀, ọjọ́ tó jáde, ṣókí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti líǹkì rẹ̀ á wọ inú fáìlì yẹn. Ápù tó ń ka RSS ni fẹ́ńdọ̀ yín. Òun ló ń lọ yẹ fáìlì náà wò lóòrèkóòrè, tó sì ń kó èyí tó jẹ́ tuntun wá.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tí Google ti Google Reader pa ní oṣù Keje ọdún 2013, àwọn kan rò pé RSS ti kú nìyẹn. Kò kú rárá. Podcast tí ọ̀pọ̀ yín ń gbọ́, RSS ló ń gbé e dé inú ápù yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀

1. Ẹ gba ápù Feedly tàbí Inoreader sórí fóònù yín. Àwọn méjèèjì ní èyí tí a kì í sanwó fún. Ẹ fi ìméèlì yín ṣí àkáǹtì.

2. Níbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú ápù náà, ẹ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì tí ẹ fẹ́. Tó bá ní RSS, ápù sábà máa ń rí i fúnra rẹ̀. Ẹ wá tẹ “Follow”.

3. Tí kò bá rí i, ẹ fi /feed/ sí ìparí àdírẹ́sì náà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n fi WordPress ṣe ló ń gba èyí. Bí àpẹẹrẹ, Global Voices tó ń kọ ìròyìn ní Yorùbá: yo.globalvoices.org/feed/.

4. Lórí ìkànnì míì, ẹ lè rí àmì aláwọ̀ ọsàn kan tó ní ẹyọ kékeré àti ìlà méjì tó tẹ̀ kọrọdọ, bí ìgbà tí rédíò ń fọn ohùn jáde. Àmì RSS nìyẹn.

Ẹ má kó ogójì ìkànnì jọ lẹ́ẹ̀kan o. Márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Àkọlé àti ṣókí ọ̀rọ̀ kì í jẹ dátà bíi fídíò. Tí ìkànnì kan bá sì sú yín, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó tán. Ìkànnì náà kò ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́ tó lè fi máa dà yín láàmú.

Ohun tí kò lè ṣe

Kì í ṣe gbogbo ìkànnì ló ní RSS. Tí ti ilé ìwé ọmọ yín kò bá ní, ẹ yan ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa lọ wò ó fúnra yín.

Èkejì, RSS kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Tó bá jẹ́ ìkànnì onígbàjúẹ̀ lẹ fún un, ti onígbàjúẹ̀ ni yóò máa gbé wá. Nítorí náà, ẹ ka àdírẹ́sì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ “Follow”. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojúlówó ìkànnì lẹ yàn, láti orísun rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lórí WhatsApp tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jókòó ti ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ jọ fi ìkànnì ilé ìwé rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́. Ìkéde tó kàn lè má pẹ́ mọ́.