Láti Abúlé Adó dé Abúlé Àwọn Faransé

Ará Abúlé Adó ní Èkó mọ ohun tí epo lè dá sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Sọba, níbi tí ọ̀pá epo gbà kọjá. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú. Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá iléèwé Bethlehem, wà lára wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480, n kò rí ẹnì kan ní ibùdókọ̀ tó ń yọ̀ pé èéfín máa dín kù. Owó ọkọ̀ dé Mile 2 ni wọ́n ń rò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ Buhari ti ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow, lóṣù Kọkànlá 2021, pé tó bá di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè fà mu lọ. Ìlérí ńlá ni. Àmọ́ ẹni tó ń tajà ní ọjà Trade Fair kì í fi fàájì wọkọ̀.

Ilẹ̀ Faransé gan-an rí i pé ìgbìyànjú láti dín èéfín kù lè mú ará ìlú bínú. Láti 2014 ni ìjọba wọn ti ń gba owó orí èéfín: bí epo bá ṣe ń tú èéfín tó, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n ń bù lé e. Ní 2018 ó ti di yúrò 44.60 lórí tọ́ọ̀nù kan, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di 55. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gbé abúlé tí bọ́ọ̀sì kì í dé, tó jẹ́ pé mọ́tò ni ẹsẹ̀ rẹ̀? Àwọn yẹn ló bínú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, nǹkan bí 280,000 èèyàn wọ ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń wà nínú mọ́tò gbogbo awakọ̀, wọ́n dí oríta pa. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé lọ́dún kan náà ni ìjọba gbé owó orí kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọrọ̀ àwọn olówó. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ìjọba ti fà sẹ́yìn, bí ìjọba Ààrẹ Jonathan nílẹ̀ wa ṣe dá owó lítà epo padà láti 141 sí 97 náírà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù Kínní 2012.

Swídìn náà ń gba irú owó orí èéfín yìí láti 1991, kò sì bà jẹ́. Lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dín owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san kù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: àwọn èèyàn rí ọwọ́ tó ń gbà, wọ́n sì rí ọwọ́ tó ń fúnni.

Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ tó ń fúnni kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn: ọkọ̀ ojú irin búlúù tó ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Marina. Mile 2 ló dúró sí. Ẹni tó ń lọ sí Abúlé Adó á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, á tún wọ dáńfó.