Bí Fídíò Bá Kọ̀ Láti Ṣí Lórí Ẹ̀rọ Géèmù, Ẹ Má Ṣe Pa Á Rẹ́

Kì í ṣe géèmù nìkan ni a lè fi ẹ̀rọ PlayStation 4 ṣe. Bí ètò Media Player, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti PlayStation Store, bá wà lórí rẹ̀, a lè ki fílaṣì bọ̀ ọ́, kí gbogbo ilé sì wo fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú òbí lórí tẹlifíṣàn. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà a máa kọ fídíò. A ń rọ ẹ̀yin ará ìlú pé kí ẹ má ṣe torí èyí pa fídíò náà rẹ́, nítorí pé kíkọ̀ tí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ kò fi hàn pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ki fílaṣì náà bọ kọ̀ǹpútà. Bí fídíò bá ṣí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá ṣí níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí iná ti lọ, tàbí kí a ti yọ fílaṣì, nígbà tí a ṣì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ya fídíò náà, kí ẹ tún un gbà.

Bí ó bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà tí PlayStation 4 sì kọ̀ ọ́, ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ìlànà tí a fi to nǹkan sínú fílaṣì. FAT32 àti exFAT ni PlayStation 4 lè kà. Kò lè ka NTFS, èyí tí kọ̀ǹpútà Windows sábà ń lò. FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, nítorí náà exFAT ló yẹ fídíò gígùn. Ṣùgbọ́n yíyí ìlànà yìí padà a máa nu gbogbo ohun tó wà nínú fílaṣì nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ “Format as Extended Storage” lórí PlayStation 4: ó ń sọ háádì dísìkì di ibi ìkó-géèmù-sí, ó sì ń pa ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nítorí fídíò.

Ìkejì ni ohun tó wà nínú fáìlì gan-an. Ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ náà la lè fi pọ́n ọ̀lẹ̀. Ẹni tó bá wo ìta nìkan kò ní mọ èyí tó wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni MP4 tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì rí. PlayStation 4 mọ H.264, kò mọ H.265, tí a tún ń pè ní HEVC. Láti ọdún 2017 ni iPhone 7 àti àwọn tó tẹ̀lé e ti lè máa fi HEVC ya fídíò. Yíyí orúkọ fáìlì padà kò lè wò ó sàn. Ètò ọ̀fẹ́ HandBrake lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi sọ ọ́ di MP4 tuntun, kí ẹ yan H.264 fún àwòrán àti AAC fún ohùn. Ní ti fídíò tí ẹ kò tíì yà, ẹ lọ sí “Settings”, “Camera”, “Formats” lórí iPhone, kí ẹ yan “Most Compatible”.

Ẹ má ṣe pa fídíò àtijọ́ rẹ́ títí ẹ ó fi wo tuntun náà tán lórí ẹ̀rọ géèmù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ibòmíràn. Fílaṣì ṣeé rà lọ́jà. Ohùn òbí tó ti lọ kò ṣeé rà.