Àbísínwín: Ilé Ìwòsàn Ló Kàn, Kì í Ṣe Gáréèjì

Ádímínì yín ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ohùn tòní.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọ̀kan nínú wa bímọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kò sùn mọ́. Ó ń rìn kiri lóru, ó ní ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé fún òun. A ní kí wọ́n gbé e relé lọ bá ìyá rẹ̀. Èmi gan-an ni mo kó owó mọ́tò jọ. Lójú ọ̀nà, ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, tòun tọmọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Dókítà tó wá tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti gbé e wá. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Àìsàn ni àbísínwín. Nínú obìnrin 1,000 tó bímọ, ó ń mú bí ẹnì kan tàbí méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á sùn, ìyá ò ní lè sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, á máa gbọ́ ohùn táwọn yòókù ò gbọ́, á máa fura sáwọn èèyàn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kàdúná, Maiduguri, Enugu àti Calabar. Ẹ̀yin ará Kano, AKTH wà níbẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà, àmọ́ ẹ máa gbà á lọ sọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, tàbí tó ń lo oògùn ọpọlọ, kó tètè sọ fún dókítà, kódà kó tó lóyún. Kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, torí àìsàn náà lè padà. Àwọn oògùn kan wà, bíi valproate, tó lè ba ọmọ inú jẹ́. Dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Nílé, ìyá tó wá wẹ ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ara ìyá ìkókó ò dá. Níbi tá a wà yìí, kò sí ìyá. Torí náà, bí ìyàwó ẹnikẹ́ni bá bímọ, kí obìnrin méjì nínú wa máa yà wò ó títí ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n bi í bóyá ó sùn. Tówó bá sì di dídá, owó ilé ìwòsàn la ó kọ́kọ́ dá.