Kí A Tó Ra Amúlétutù fún Idẹ Bìní

Nígbà tí Jámánì kó àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní kan padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni wọ́n ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan: ṣé ààfin Ọba Bìní ni àbí ìjọba? Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí wọn ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá wọn ń fẹ́ olùṣọ́. Èrò mi ni pé sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, tó sì ń ké gbàjarè bí wọ́n bá kọjá ààlà, ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ilé tí wọ́n bá kó wọn sí ní Ìlú Bìní, ṣáájú amúlétutù.

Idẹ tí iyọ̀ ti wọ̀ lára kò fẹ́ ọ̀rinrin: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé á hù sí i lára, á sì máa jẹ ẹ́ lọ. Eyín erin àti igi ní tiwọn, gbígbẹ òjijì ló ń là wọ́n, irú èyí tí ọyẹ́ ń mú wá. Kí sẹ́ńsọ̀ tó dé, wọ́n máa ń fi irun orí ènìyàn mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rin tàbí gbẹ tó. Ní 1783, Horace-Bénédict de Saussure ará Geneva ṣàlàyé bí irun ṣe ń gùn nínú ọ̀rinrin, tó sì ń súnkì nínú gbígbẹ. Àwọn musíọ̀mù wá so irun mọ́ kálámù tó ń fa ìlà sórí bébà tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1941, wọ́n kó àwòrán National Gallery ti Lọ́ńdọ̀nù pamọ́ sínú ihò àpáta Manod ní Wales. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í yí padà, ọ̀dà tó máa ń ṣí lára àwọn àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí mọ́. Àyípadà ló ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irun kò lè pariwo. Ọjọ́ Ajé ni ẹ tó ń ka ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti ta á yọ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ohun wọ̀nyí lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ní ààfin láìsí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, n kò sì fojú kéré e. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ wà níbẹ̀, wọ́n ń fojú rí wọn. Láti 1897 tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn lọ, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti mọ́ eyín erin àti igi inú wọn lára. Bí wọ́n bá bọ́ sínú òjò oṣù Keje Bìní lójijì, ara wọn á fèsì.

Àtakò tó lágbára jù ni ti iná tí kì í dúró. Èmi rí i bí ìdí pàtàkì fún sẹ́ńsọ̀. Amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kú, tó tún ń ṣiṣẹ́, lè burú ju àìsí rẹ̀ lọ, nítorí òun gan-an ló ń mú àyípadà wá. Sẹ́ńsọ̀ ní tirẹ̀ lè gbé orí bátìrì, kó máa fi síìmù ránṣẹ́. Ẹ fi ọ̀kan sí ẹnu amúlétutù, á sọ bí atẹ́gùn tó ń jáde ti gbóná. Ẹ fi òmíràn tó ń wọn epo sínú táńkì jẹnẹrétọ̀, á sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ti ń tán kí iná tó kú lóru. Kò sì pọn dandan kí a máa lépa òṣùwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù: àwọn musíọ̀mù ńlá àgbáyé pàápàá ti gba ọ̀rinrin 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún láàyè fún ọ̀pọ̀ ohun. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọdún kan gbáko ka afẹ́fẹ́ Bìní, òjò àti ọyẹ́, kí wọ́n tó pinnu ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà. Kí owó oṣù ẹni méjì tí ìkìlọ̀ náà yóò máa wọ fóònù wọn lóru sì wà nínú ìwé ìnáwó láti ọjọ́ kìn-ín-ní.