Ìpápánu Tí Kò Ní Ṣúgà: Irú Ọ̀rá Wo Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí lónìí ló ní bàbá tàbí ìyá tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí dókítà ti ní kí ó fọn díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìpápánu inú pákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ “low carb”, “keto” tàbí “sugar free” sí lára fi ń wọ ilé wa. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé, àwọn ilé ìtajà ńlá ní Èkó náà sì ń tà wọ́n. Ṣúgà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò lára wọn. Ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè ni pé: nígbà tí wọ́n yọ ìyẹ̀fun àti ṣúgà kúrò, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀?

Ọ̀rá ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí gíráàmù ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà kan ń fún un ní 4 péré. Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá wa, nítorí ara nílò rẹ̀. Oríṣi tí ó jẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi ọ̀rá mẹ́ta

Oríṣi kìíní ni èyí tí kì í dì, bíi òróró ẹ̀pà, òróró sóyà àti òróró ólífì. Ó wà nínú ẹ̀pà, àsálà, píà àti ẹja pẹ̀lú. Òun ló dára jù fún ọkàn.

Oríṣi kejì ni wọ́n ń pè ní “saturated”. Ó pọ̀ nínú bọ́tà, ọ̀rá ẹran, àdín àti òróró àgbọn. Nínú òróró àgbọn, ó lé ní ìdá 80 nínú 100. Nínú epo pupa, ó tó nǹkan bí ìdajì. Àwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń dì, ó ń jẹ́ kí ìpápánu ro kékeré lẹ́nu, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má kọjá ìdá 10 nínú 100 kálórì tí à ń jẹ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, èyí jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22.

Oríṣi kẹta ló burú jù: “trans fat”. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nípa fífi háídrójìn sínú òróró kí ó lè dì. Ó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè, ó sì ń rẹ èyí tó dára sílẹ̀. Ìlànà NAFDAC ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà kò gbà kí ó ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún orílẹ̀-èdè márùn-ún àkọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti lé e kúrò nínú oúnjẹ wọn. Saudi Arabia wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ halaal

Ẹran àti ọ̀rá kò ní ṣúgà, nítorí náà awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín jẹ́ ìpápánu tí àwọn tó ń sá fún ìyẹ̀fun gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pè é ní “pork rinds” tàbí “chicharrones”. “Pork scratchings” ni orúkọ rẹ̀ ní ìlú Ọba. Ẹni tí kò mọ orúkọ wọ̀nyí lè rò pé ẹran lásán ni. “Lard” náà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Èyí tó tún fara sin ni E471, tí wọ́n tún ń kọ ní “mono- and diglycerides”: ó lè wá láti ara òróró ewéko, ó sì lè wá láti ara ọ̀rá ẹranko. Bí kò bá sí àmì halaal tó ṣeé gbára lé tàbí àkọlé pé láti ara ewéko ni, ẹ bi ilé iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Nínú Suuratul Baqarah, āyah 168, ohun tó jẹ́ halaal àti ohun tó dára ni Ọlọ́hun so pọ̀. Ìpápánu lè bọ́ lọ́wọ́ haraam, kí ó má sì dára fún ọkàn.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì

Ohun tó bá wúwo jù nínú oúnjẹ náà ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Bí òróró bá jẹ́ ìkíní tàbí ìkejì, ẹ mọ̀ pé òróró lẹ ń rà.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “partially hydrogenated”. Ní Amẹ́ríkà, bí “trans fat” kò bá tó ìdajì gíráàmù nínú ìwọ̀n ìjẹ kan, òfin gbà kí wọ́n kọ “0” síbẹ̀. Nítorí náà, “0” kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí òfo.

Ẹ wo ìwọ̀n ìjẹ kan, tí wọ́n ń pè ní “serving”. Ká sọ pé gíráàmù 30 ni, tí pákẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 150: ìjẹ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Bí “saturated” bá jẹ́ gíráàmù 6 nínú ìjẹ kan, ẹni tó bá dá pákẹ́ẹ̀tì náà jẹ ti jẹ 30, ó sì ti kọjá ti òòjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀pà tàbí kajú tó bá ń rùn bí òróró tó ti kan, ooru tàbí atẹ́gùn ti bà á jẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́.

Èyí tó wà nítòsí wa

Ẹ̀pà tí wọ́n yan nínú iyanrìn kò ní òróró kankan tí wọ́n fi kún un. Ẹyin sísè, àsálà, píà àti ẹja yíyan náà kò ní ìyẹ̀fun púpọ̀, owó wọn kò sì tó ti pákẹ́ẹ̀tì òkè òkun.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹni tó ń lo insulin tàbí oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàdédé yọ ìyẹ̀fun kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ láìsọ fún dókítà. Ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn sì léwu ju kí ó ga díẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ara wa àti àwọn òbí wa. Āmīn.