Mọ́tò Dísù Tí Kì í Tètè Sítáàtì Láàárọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mọ́tò ń bọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́. Ní Ògèrè, létí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978, tírélà máa ń sùn lọ́ bẹẹrẹ. Epo dísù ni tírélà ń mu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì. Èyí ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò dísù tí kì í tètè sítáàtì láàárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, a máa ń ní, "Òtútù ni." Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà tán. Ní ìlú òyìnbó, nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, epo dísù lè dì bí òrí nínú tánkì. Òtútù tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí ara rẹ̀ dá yóò sítáàtì ní Rẹ́mọ nínú ọyẹ́. Bí ó bá kọ̀, àìsàn kan wà lára rẹ̀. Òtútù kọ́ ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀; àṣírí rẹ̀ ni ó tú.

Bí ẹ́ńjìnì dísù ṣe ń ṣiṣẹ́

Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ronú kan ẹ́ńjìnì yìí. Ní ọdún 1897 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ yege nínú ìdánwò. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe epo náà títí di òní.

Plọ́ọ̀gì ni ó ń ṣá iná sí epo nínú mọ́tò pẹtiróòlù. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó ń fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́: bí ó bá pẹ́ díẹ̀, pọ́ǹpù a gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì dísù, ó dà bí ẹni pé a fún afẹ́fẹ́ tí ó kún agolo 16 sí 20 wọ inú agolo 1. Omi tí ó ń hó kò ju 100 digírì lọ. Afẹ́fẹ́ yìí lè ju 500 lọ. Nọ́sù yóò wá fọ́n epo sínú rẹ̀, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì dísù ń fẹ́: kí ó yí kíákíá, kí epo dé ibẹ̀, kí ooru sì tó. Láàárọ̀, irin ẹ́ńjìnì tutù, ó sì ń gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí plọ́ọ̀gì hítà fi wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké. Àmì rẹ̀ níwájú awakọ̀ dà bí wáyà tí a ká. Bí ó bá tàn, ẹ dúró kí ó kú kí ẹ tó sítáàtì.

Ẹ fi etí gbọ́, ẹ fi ojú wò

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ti mọ́tò náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ má fi jíà sí i. Kí ẹnì kan sítáàtì, kí ẹnì kejì dúró ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí ó ti lè rí ẹnu sàlẹ́ńsà.

1. Bí ó bá ń yí tìkọ̀ tìkọ̀: ẹ wo bátìrì àti orí rẹ̀, bóyá ó dẹ̀ tàbí ó hu nǹkan funfun. Bátìrì lè ti rẹ̀, tàbí kí kíkísítátà ní àrùn.

2. Bí ó bá ń yí kíákíá tí èéfín kò jáde rárá: epo kò dé ibẹ̀. Ẹ wo tánkì. Ẹ wo fítà, bóyá ó ti dí tàbí omi wà nínú rẹ̀. Bí mọ́tò bá ní pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré, ẹ fi fún epo. Bí ó bá sítáàtì lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa gba ojú rọ́bà kan wọlé, kí epo sì máa padà sí tánkì lóru.

3. Bí ó bá ń yí kíákíá tí èéfín funfun ń jáde: epo dé, ṣùgbọ́n kò jó. Ooru kò tó. Kí rewáyà dán plọ́ọ̀gì hítà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá dára, kí mẹkáníìkì wo nọ́sù, kí ó sì wọn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́. Ríńgì tí ó ti jẹ máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má dáná sábẹ́ mọ́tò. Ẹ má fi àkísà tí a rẹ sínú pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí plọ́ọ̀gì hítà bá gbóná, ó lè bú gbàmù, ó lè fọ́ písítìn, ó sì lè jó ènìyàn. Ẹ má sì tẹ kíkísítátà mọ́lẹ̀ láìsinmi; ó lè jóná.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ kó obì láti Ṣágámù lọ sí òkè Ọya. Mọ́tò kọ̀. Ó ra bátìrì tuntun, mọ́tò kọ̀. Ó yá owó ra nọ́sù, mọ́tò kọ̀ síbẹ̀. Rọ́bà kékeré kan ni ó là. Owó lọ, ọjọ́ ọjà kọjá, obì sì ń gbẹ nínú àpò. Ẹni tí ó bá wo èéfín kí ó tó na owó kò ní jìyà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi han mẹkáníìkì. Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

Ọjọ́ Ajé, aago 6 àárọ̀. Ó yí kíákíá. Kò sí èéfín. Mo fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún epo. Ó sítáàtì. Ní ọ̀sán, ó sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ tún kà á. Kí ni ó ń ṣe mọ́tò yìí?