Bí owó ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe wọ inú ẹgbẹ́ Republican

Ọdún 1854 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú Republican sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí àṣà níní ẹrú má baà tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun. Nígbà tó fi máa di ọdún 1896, àwọn oníṣòwò ńlá ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà.

Lọ́dún yẹn, William McKinley ni wọ́n fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Mark Hanna, oníṣòwò èédú àti irin ní Cleveland, ló ń bá a kó owó jọ. William Jennings Bryan ti ẹgbẹ́ Democrat fẹ́ kí ìjọba máa rọ owó fàdákà kún ti wúrà, kí gbèsè lè fúyẹ́ lọ́rùn àgbẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń yáni lówó. Hanna kò tọrọ lọ́wọ́ wọn, ṣe ló bù ú lé wọn lórí bí owó orí: kí báǹkì san ìdá kan nínú 400 okòwò rẹ̀. Báǹkì tí okòwò rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan dọ́là yóò san 2,500. Standard Oil nìkan dá 250,000. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Ti Bryan kò tó mílíọ̀nù kan.

McKinley wọlé. Ní 1897, ìjọba rẹ̀ fi kún owó ibodè orí ọjà òkèèrè, bí àwọn onílé-iṣẹ́ ti ń fẹ́. Ní 1900, wọ́n sọ wúrà nìkan di ìpìlẹ̀ owó. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló máa ń wà lókè.

Ní 1905, ìgbìmọ̀ aṣòfin New York tú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò wò. Wọ́n rí i pé New York Life ti fún ẹgbẹ́ náà ní nǹkan bíi 50,000 dọ́là nínú ìdìbò 1904. Owó tí àwọn èèyàn ń san nítorí aya àti ọmọ tí wọ́n lè kú fi sílẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n. Inú bí aráàlú. Ní 1907, òfin Tillman ka fífún olùdíje sípò ìjọba àpapọ̀ lówó léèwọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́.

Òfin náà kò tíì kú. Àmọ́ ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilé-iṣẹ́ lè ná iyekíye lórí ìdìbò, bí kò bá ṣáà ti fà á lé olùdíje lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí olùdìbò ni kó mọ ẹni tó dáwó àti iye tó dá kó tó tẹ̀ka.